Ẹ̀ka wo ni kí n yàn fún wẹ́bsáìtì tuntun? Mẹ́rin ló ń jà lọ́kàn mi

Alábẹ́rẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ dá wẹ́bsáìtì kan sílẹ̀. Kì í ṣe ti eré o, mo fẹ́ kó máa pa owó wọlé tó bá yá. Iṣẹ́ ọ̀sán mi ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ní fún un. Nǹkan mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀:

1. Àyẹ̀wò fóònù tuntun
2. Ètò owó: bí èèyàn ṣe ń tọ́jú owó, bó ṣe ń fi owó ṣòwò
3. Ọ̀gbìn inú ìkòkò fún àwọn tí kò ní ilẹ̀
4. Ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe

Fóònù ni mo rò pé èrò ń wọ́ tọ̀ jù. Ètò owó, wọ́n ní àwọn tó ń polówó níbẹ̀ máa ń sanwó gidi. Ọ̀gbìn, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àtikékeré ni mo ti ń tú u tí mo sì ń tò ó padà, ṣùgbọ́n ta ló tún kù tó ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́? Ẹ bá mi dá sí i. Èwo lẹ̀yin ì bá mú?

Kọ̀ǹpútà_ò_sùn

Fóònù, sá fún un. Òótọ́ ni pé èrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wo àwọn tó ń dúró dè wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ní òǹkọ̀wé, tó ní ayàwòrán, tí àwọn tó ń ṣe fóònù ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí kó tó dé ọjà rárá. Ìwọ á ra tìrẹ lọ́jọ́ tó jáde, wàá lò ó, wàá jókòó kọ ọ́ lálẹ́. Kí o tó parí, gbogbo ayé ti kà á níbòmíràn. Kò sì ní pẹ́ tí òmíràn á tún jáde, tí èyí tí o kọ á di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe tí kì í pọ̀ sí i ni.

Akọ̀wé_Kékeré

Mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí fóònù, àmọ́ mi ò gbà pé ibikíbi tí àwọn ńlá bá wà, ẹni kékeré ò lè rí àyè dúró sí. Ọdún 2011 ni wẹ́bsáìtì tó ń jẹ́ Wirecutter bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ohun èlò náà ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ sì ti kún ilẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé wọn kì í to ọgbọ̀n ọjà kalẹ̀ kí wọ́n ní kí o fúnra rẹ yàn. Wọ́n á dán wọn wò, wọ́n á sì sọ ẹyọ kan pé èyí ni kí o rà. Ní 2016, New York Times rà wọ́n.

Kọ̀ǹpútà_ò_sùn

@Akọ̀wé_Kékeré, Brian Lam tó dá Wirecutter sílẹ̀, olóòtú Gizmodo, ojúlé ìròyìn ẹ̀rọ, ni kó tó dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́. Ọ̀rọ̀ Alábẹ́rẹ́ là ń sọ.

Akọ̀wé_Kékeré

Ó dáa, mo gbà fún ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ dúró. Ọ̀nà tí o gbà ń dáhùn ìbéèrè lè yà ọ́ sọ́tọ̀ ju ohun tí o ń kọ nípa rẹ̀ lọ.

Àgbà_Ìkànnì

Alábẹ́rẹ́, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ètò owó kúrò nílẹ̀ ná, nítorí òun ni mo ti rí tó tan èèyàn jù.

Òótọ́ ni pé ìpolówó rẹ̀ ń sanwó. Ìdí nìyẹn tí àwọn báńkì àti àwọn ilé iṣẹ́ ìdókòwò fi ń du ojú ewé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Google ní orúkọ tó fi ń pe ọ̀rọ̀ owó, ìlera àti ààbò èèyàn: Your Money or Your Life, ìyẹn “owó rẹ tàbí ẹ̀mí rẹ”. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ orúkọ yìí, wọ́n máa ń wo ẹni tó kọ ọ́ gan-an: kí ló kà, ta ló mọ̀ ọ́n, ta ló lè jẹ́rìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Google yí ètò rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ojúlé tó ń sọ̀rọ̀ ìlera àti owó tí kò ní onímọ̀ kankan lẹ́yìn sì pàdánù èrò wọn. Àwọn oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù pe ìyípadà náà ní Medic. Tí ẹ kì í bá ṣe oníṣirò owó tàbí ẹni tó níwèé àṣẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn náà tún wà níbẹ̀ o: ẹni tó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yín tó sì pàdánù owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Ó ku méjì. Kí n tó dá sí wọn, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ má sì yára dáhùn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, ohun ni ẹ dárúkọ. Ẹ ò dárúkọ èèyàn kankan. Ta ni ẹ fẹ́ kọ ọ́ fún? Kí ló ń dà á láàmú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣí Google? Ṣé ìdààmú náà máa ń padà wá, àbí tó bá ti rí ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí nìyẹn? Ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe ń so táì kò ní padà wá mọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n so. Ẹni tó ní ọgbà á padà wá ní gbogbo ìgbà tí kòkòrò bá jẹ ewé rẹ̀. Ẹ lọ ro ti àwọn ohun méjèèjì yìí báyìí, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Máṣojo

Ẹ̀gbọ́n Àgbà_Ìkànnì, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ èrò, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìdíje, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló lè ṣe fún ọdún mẹ́ta láìjẹ́ pé ó sú u. Alábẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ràn ọ̀gbìn. Ó tán! Ìfẹ́ ló ń gbé èèyàn dìde nígbà tí owó kò tíì wọlé, owó kì í sì í tètè wọlé nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti rí àwọn tó fi ìṣirò yan ẹ̀ka tó péye, tí wọn kò sì kọ ju ojú ewé mélòó kan lọ tí wọ́n fi pa á tì.

Àgbà_Ìkànnì

@Máṣojo, mi ò kọ ìfẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ oríṣi méjì ló wà. Ẹnìkan fẹ́ràn láti máa ṣe nǹkan, ẹlòmíràn fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ràn ọgbà lè máà fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wà níbẹ̀. Tó bá sọ ọ́ di iṣẹ́, á wá di pé yíya fọ́tò ewé ni iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó fi ń sinmi á sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń gba èèyàn níyànjú pé kó fi ohun kan tó fẹ́ràn sílẹ̀ láìtà.

Máṣojo

Hmm. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yí ohùn padà.

Òǹkàwé_Òru

Ẹ jẹ́ kí n mú ìlà wá, torí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó. Mo fi méjèèjì sínú Google Trends, ibi tí Google ti ń fi ìlà hàn bí èèyàn ṣe ń wá nǹkan sí. Kí ẹ tó lọ wò ó fúnra yín, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì: ìlà yẹn kì í sọ iye èèyàn. 100 ni ibi tó ga jù láàárín àkókò tí ẹ yàn, gbogbo ibi yòókù ni wọ́n fi ń wé e. Ohun tí èèyàn díẹ̀ ń wá lè dé 100, ohun tí gbogbo ayé ń wá náà lè dé 100. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ, inú àwòrán kan náà ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Ẹ wo ìrísí ìlà náà ju gíga rẹ̀ lọ. Ẹ tẹ fidget spinner, ohun ìṣeré tí wọ́n ń yí lórí ìka yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ó gòkè ṣáńṣán, kí ọdún náà tó parí ó ti wó lulẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé ìtajà lé e lórí ń ka ẹrù tó kù nílẹ̀. Ìlà ọ̀gbìn ní tirẹ̀ máa ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún bí ìgbà gbígbìn ṣe ń dé tó sì ń lọ, ìyẹn kò burú tí èèyàn bá ti mọ̀ pé oṣù kan ń bọ̀ tí èrò á dín kù. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ ló yà mí lẹ́nu. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà dé, tí gbogbo èèyàn ń rán ìbòmú nílé, ó fò sókè. Ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ tí wọ́n rà nígbà yẹn tàbí tí wọ́n gbé jáde láti abẹ́ ibùsùn ìyá àgbà, ibo ló wà báyìí? Òmíràn ti ń fẹ́ epo, òmíràn ti dúró.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Keyword Planner ti Google, irinṣẹ́ tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan tó. Ibi tí wọ́n kọ competition (ìdíje) sí níbẹ̀, àwọn tó ń ra ìpolówó ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe àwọn tí ẹ jọ fẹ́ dù ojú ewé. Tí ẹ kò bá sì náwó lórí ìpolówó, iye gbọọrọ ni wọ́n máa ń fún yín, bí ìgbà tí wọ́n bá ní láti 100 dé 1,000. Ẹ kò lè fi ìyẹn pinnu ohun gidi.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ kò náni ní nǹkan kan: ẹ tẹ ìbéèrè náà sí Google, kí ẹ wo ẹni tó dáhùn. Tó bá jẹ́ pé ìdáhùn àtayébáyé lórí Reddit ló wà lókè, tàbí fídíò tí àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, àyè wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, báńkì àti ilé ìwé ìròyìn ló tò síbẹ̀, ẹ kọjá.

Alábẹ́rẹ́

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti ka ìbéèrè ẹ̀gbọ́n Àgbà_Ìkànnì, mo sì jókòó tì í. Fún ọ̀gbìn, ìdáhùn mi kò ju “ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ràn ewé” lọ. Mi ò mọ ohun tó ń dà á láàmú ní ti gidi, ohun tó ń dà èmi láàmú ni mo mọ̀.

Fún ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà kàn ń tú jáde ni. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún tí kò mọ irú bọ́bìnnì tó ń lò, ohun kékeré tí wọ́n ń yí òwú ìsàlẹ̀ sí. Ẹni tó ra bọ́bìnnì oríṣi tí wọ́n ń pè ní class 66 fún ẹ̀rọ tó ń lo class 15, torí ojú lásán kò tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ 15 tẹ́jú, ti 66 wú díẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, tí ìdí rẹ̀ rí roboto, sínú ẹ̀rọ ilé tó fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ kan tẹ́jú. Ẹni tó fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n ṣe Singer rẹ̀ láti ara nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Mo tẹ díẹ̀ nínú wọn sí Google bí Òǹkàwé_Òru ṣe wí. Fún nọ́ńbà Singer, ìdáhùn dáadáa ti wà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ jọ, ISMACS, ti tò ó sílẹ̀ tipẹ́. Fún àwọn yòókù, ìdáhùn ibìkan ta ko ti ibòmíràn.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti tín-ín-rín jù.

Owó_Dà

Orúkọ mi ni ìbéèrè mi. Owó dà? Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó jogún, ṣé òun náà fẹ́ náwó? Ohun tó mú kó máa tún ti àtijọ́ ṣe nìyẹn, torí pé kò fẹ́ ra tuntun. Ẹ̀ka tí ìdààmú pọ̀ sí tí kò sí owó lọ́wọ́ àwọn tó ń dàmú níbẹ̀, àánú ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe òwò.

Ìyá_Aṣọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ya ọ̀rọ̀ yín sápá kan. Alábẹ́rẹ́, ẹ̀rọ kan wà nílé wa tí òwú máa ń dì pọ̀ lábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo ti pààrọ̀ bọ́bìnnì, mo ti yí ìdè bọ́bìnnì náà síwá sẹ́yìn, kò gbọ́. Ṣé kó lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ni?

Alábẹ́rẹ́

Màmá, ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń dì, ṣùgbọ́n òwú òkè ló sábà máa ń fà á. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, kí ẹ yọ òwú òkè kúrò pátá, kí ẹ tún un fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà ṣì wà lókè. Tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, àwọn abọ́ tẹ́ńṣọ̀n, tó ń di òwú òkè mú kó le, máa ń pa ẹnu pọ̀, òwú kò ní wọ àárín wọn, á kàn máa sáré wọlé láìsí ohun tó dì í mú. Ẹ dá ìdè bọ́bìnnì tí ẹ yí padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá rántí. Ẹ nu abẹ́ ibi tí eyín rẹ̀ tó ń ti aṣọ síwájú wà náà, eruku òwú máa ń kún ibẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kí ẹ sọ orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ náà fún mi.

Ìyá_Aṣọ

Ó ti ń rán o! Ẹsẹ̀ ni mi ò gbé sókè. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, irú epo wo ni mo lè fi sí i? Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́, mo rí i pé nọ́ńbà oríṣiríṣi ló wà lára páálí rẹ̀.

Akọ̀wé_Kékeré

Alábẹ́rẹ́, ṣé o rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn? O kò wo ìwé kankan. O béèrè orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ kí o lè tẹ̀ síwájú. Màmá sì ti padà wá pẹ̀lú ìbéèrè méjì kí inú rẹ̀ tó dùn tán. Orúkọ tí o ń jẹ́ níbí gan-an ti yàn fún ọ tipẹ́.

Máṣojo

Mo ti ń yí ohùn padà díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti ṣàlàyé ju bí inú mi ṣe ń dùn sí ọgbà mi lọ.

Àgbà_Ìkànnì

Kí n dáhùn Owó_Dà, ìbéèrè rẹ̀ kò yẹ kó ṣubú sílẹ̀.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ kò rí bákan náà. Apá kan wà tí kò fẹ́ náwó rárá, òótọ́ ni. Apá kan tún wà tó ń fi ẹ̀rọ náà jẹun, tí ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ bá dúró jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà kò jáde. Apá kẹta ń kó wọn jọ nítorí ẹwà wọn, ìyẹn máa ń náwó lórí ohun tí ojú òmíràn kò rí. Ẹ̀yin lẹ máa yan apá tí ẹ fẹ́ sìn, gbogbo ohun tí ẹ bá kọ á sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn. Èmi á mú àwọn tó ń fi í jẹun.

Ní ti ọ̀nà owó: ìpolówó Google AdSense, tí Google ń fi sórí ojúlé yín tó sì ń sanwó rẹ̀ fún yín, á wá, ṣùgbọ́n ó nílò èrò púpọ̀ kó tó jọ nǹkan. Owó alárinà, tí ilé ìtajà ń san fún yín tí ẹnì kan bá gba líǹkì yín lọ ra abẹ́rẹ́, bẹ́líìtì tàbí bọ́bìnnì, ó dáa, àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ara lé ilé ìtajà kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Amazon kàn kéde pé àwọn ń dín owó àwọn alárinà kù. Ohun ọ̀ṣọ́ ilé àti ohun èlò àtúnṣe ilé bọ́ láti 8% sí 3%. Ẹni tó kọ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé ìyẹn, ìdajì owó rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ bá ní fúnra yín ló máa ń pẹ́: ìwé kékeré tó ṣàlàyé ẹ̀rọ kan látòkè délẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ fọwọ́ ara yín yà, ẹ̀kọ́ onífídíò, àwọn páàtì tí ẹ ti dì pọ̀ fún irú ẹ̀rọ kan pàtó kí ẹni náà má baà ra èyí tí kò bá a mu. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ló máa ń tà, torí ìbẹ̀rù kí èèyàn ra ohun tí kò wọ̀ ọ́ ló ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Kí ẹ sì máa gba ímeèlì àwọn tó ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èrò Google lè lọ lóru ọjọ́ kan. Ímeèlì ẹni tó fẹ́ gbọ́ látọ̀dọ̀ yín kò ní lọ.

Òǹkàwé_Òru

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI), bẹ́ẹ̀ ni òun ló ń da ẹ̀ka rú jù báyìí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Google ti ń gbé ìdáhùn tó fi AI kọ sókè ojú ewé ní Amẹ́ríkà, ó sì ti tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, ẹ má kọ́ ilé lé e lórí. “Kí ni ìtumọ̀ báyìí”, “ọdún wo ni wọ́n ṣe tọ̀hún”, ẹni tó bèèrè kò ní ṣí ojúlé yín rárá.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi AI kọ ẹgbẹ̀rún ojú ewé lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Google ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé òun á fìyà jẹ ojúlé tó bá ń tú irú rẹ̀ jáde láti tan òun, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ì báà jẹ́ èèyàn. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n ti fi ìrírí kún ohun tí àwọn olùyẹ̀wò wọn ń wò: ṣé ẹni tó kọ ọ́ ti fọwọ́ kan nǹkan náà rí? Ìbéèrè Màmá tòkè yẹn, AI lè dáhùn apá kan. Ṣùgbọ́n kò lè ya fọ́tò inú ẹ̀rọ tó wà níwájú Alábẹ́rẹ́, kò sì gbọ́ irú ariwo tó ń ṣe.

Owó_Dà

Ó dáa, mo ti rí owó náà díẹ̀ díẹ̀. Ṣé kò wá yẹ kó dà á pọ̀ mọ́ ọ̀gbìn, kí èrò lè pọ̀? Ojúlé kan, “ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ṣe nílé”.

Kọ̀ǹpútà_ò_sùn

Rárá o! Ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo. Ẹni tó wá nítorí bọ́bìnnì tó bá rí tòmátò ní ojú ewé àkọ́kọ́ á rò pé òun ṣìnà.

Àgbà_Ìkànnì

Mo wà pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà_ò_sùn. Alábẹ́rẹ́ ń bẹ̀rù pé ó tín-ín-rín jù. Ẹ wo Amazon tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán yìí: ìwé nìkan ló ń tà nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní 1995. Ìwé dára fún un torí oríṣi rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ilé ìtajà kankan lè kó sórí pẹpẹ lọ, kì í sì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ravelry, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, àwọn tó ń fi òwú hun aṣọ nìkan ló wà fún, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn títí dòní. Ibi tín-ín-rín kì í ṣe ìṣòro tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá ń wá ara wọn.

Ṣùgbọ́n ó níbi tó yẹ kó tín-ín-rín mọ. Ẹ má fi ojúlé náà sórí irú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ má sì fi orúkọ Singer sínú dómèènì yín, ìyẹn orúkọ àdírẹ́sì ojúlé náà, rárá, orúkọ oníṣẹ́ ni. Láti 1999 ni ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ dómèènì, ti ní ètò tí ẹni tó ni orúkọ fi lè gba dómèènì lọ́wọ́ ẹni tó fi rà á láìtọ́. Ẹ lè kọ nípa Singer nínú ojú ewé, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Lórí ìlẹ̀kùn ni kó má sí. Bákan náà ni ìwé ìtọ́sọ́nà tí ilé iṣẹ́ ṣe, ẹ má gbé e sórí ojúlé yín. Líǹkì ibi tí wọ́n fi sí ni kí ẹ fún èèyàn.

Akọ̀wé_Kékeré

Kí o tó ra dómèènì rárá, ṣe èyí: mú ìwé, kọ ìbéèrè ogójì tí àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń béèrè, láìṣí Google. Tí o bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọwọ́ rẹ dúró, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ tó bí o ṣe rò. Tí o bá kọ ogójì tán tí ó ṣì ń wá, ó dáa. Lẹ́yìn náà, lọ dáhùn díẹ̀ nínú wọn níbi tí àwọn èèyàn náà wà, ní àwọn ẹgbẹ́ Facebook, ní Reddit, láìta nǹkan kan. Wo èyí tí wọ́n fi béèrè òmíràn. Ibẹ̀ lo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Alábẹ́rẹ́

Mo ti ṣe ti ogójì. Mo kọjá rẹ̀, mo ní láti fipá dá ara mi dúró torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Àwọn tó ń fi í jẹun ni mo máa kọ ọ́ fún, bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo sì máa jẹ́ kí àwọn tó ń kó wọn jọ wá fúnra wọn tí wọ́n bá fẹ́. Mo máa fi nọ́ńbà àti ọdún ṣíṣe sílẹ̀ fún ISMACS, n ó kàn tọ́ka sí wọn. Ọ̀gbìn mi, n ó máa gbìn ín lọ, kò sẹ́ni tó máa rí fọ́tò rẹ̀.

Ohun kan ló kù. Ṣé kí n kọ ọ́ tàbí kí n fi fídíò ṣe é? Ojú kamẹ́rà ń tì mí.

Kọ̀ǹpútà_ò_sùn

Ọwọ́ rẹ nìkan ni kí o jẹ́ kí wọ́n rí. Ẹni tí òwú rẹ̀ dì pọ̀, ojú rẹ kọ́ ló ń wá. Kọ ọ́, fi fọ́tò sí i, kí o wá fi fídíò kékeré sí ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti lè sọ ọ́ tán, bíi bí òwú ṣe ń wọ inú tẹ́ńṣọ̀n.

Ìyá_Aṣọ

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń dúró de ti epo o.

Alábẹ́rẹ́

Màmá, ẹ má bínú. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ gangan ni kí ẹ béèrè, èyí tó mọ́ kedere bí omi. Ẹ má fi epo tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ sí i láéláé, á dì sínú rẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ẹ kán ẹyọ kan péré síbi tí irin bá ti ń fi ara gbo irin, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ rán aṣọ àkísà ná kó tó kan aṣọ gidi. Ti nọ́ńbà abẹ́rẹ́, ẹ ya fọ́tò páálí náà fún mi, kí n wo èyí tí ẹ ní lọ́wọ́.